Iyẹ̀pẹ̀ Àlùbáríkà

Ìyá tó bí ìyá mi kì í gba ewé gbọ́. Bí ó bá wọ oko ẹlòmíràn, tí olóko ń fi ewé títutù yangàn fún un, á kàn máa mi orí, á ní ó dára, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á ti wà nílẹ̀. Bí igi tòmáàtì kan bá wà níbẹ̀ tó ń ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ìdí ìyẹn ni á lọ bẹ̀rẹ̀ sí. Á fi ọkọ́ kékeré tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, á fà á yọ jẹ́jẹ́, á gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù, á sì gbé gbòǹgbò náà sókè sí oòrùn bí ẹni tó ń yẹ aṣọ tó fẹ́ rà wò. Lẹ́yìn náà á gbóòórùn rẹ̀. Àwa ọmọ-ọmọ a máa rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín.

"Ewé a máa purọ́," ni á wí. "Gbòǹgbò ni kẹ́ ẹ bi."

Àṣàkẹ́ ni oríkì rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Alálùbáríkà ni gbogbo Òkè-Oyì ń pè é nígbà tí mo gbọ́njú. Ibẹ̀ ló ń gbé, tó ń gbin tòmáàtì, ilá àti ata sí fàdámà ẹ̀yìn abúlé, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í gbẹ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn òbí mi ń gbé nígboro ní tiwọn, nítòsí Ọjà Tuntun, níbi tí bàbá mi ti ní ìsọ̀ àwo. Bí ilé ìwé bá ti gba ọlidé báyìí, ẹrù mi ti wà ní dídì, mo ti ń wá bọ́ọ̀sì Òkè-Oyì kiri. Màmá mi a máa ní àfi bí ẹni pé èmi kọ́ ni òun bí.

Ó ti lọ báyìí, kí Ọlọ́hun fi alùjánnà kẹ́ ẹ. N kò ní sọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí n kò mọ̀ ọ́n tán, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Èyí tí mo fojú ara mi rí ni mo fẹ́ kó jọ, kó tó di pé a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di màlékà. Kì í ṣe màlékà. Bí ó bá di èèyàn sínú, ó lè dì í títí eyín á fi ká.

Ibi tí orúkọ Alálùbáríkà ti wá nìyí. Lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni ebè kan wà tó máa ń fún irúgbìn tòmáàtì sí lọ́dọọdún. Bí àwọn ọmọ tòmáàtì náà bá ti ga tó ìka, ẹnikẹ́ni tó bá wá ni yóò fún, kì í gba kọ́bọ̀. Sàráà ni. Kì í sì í fún èèyàn ní gbòǹgbò níhòòhò. Á bu ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ ebè náà, á ṣe Bìsìmílláì sí i, á fi bo ìdí ọmọ tòmáàtì, á wá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í. Ti ìyàwó tuntun a máa pọ̀ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Iyẹ̀pẹ̀ àlùbáríkà ni wọ́n ń pe iyẹ̀pẹ̀ yẹn. Àwọn kan tí kò tilẹ̀ gbin tòmáàtì a máa wá tọrọ rẹ̀, wọ́n á lọ fọ́n ọn sí ìdí ilá. Mo bi í nígbà kan ìdí tí kò fi gbọn iyẹ̀pẹ̀ náà dànù kí ẹrù lè fúyẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

"Ṣé a máa ń sin ọmọ lọ sílé ọkọ láìdi ẹrù fún un ni?" ló fi dá mi lóhùn.

Gbòǹgbò yìí kan náà ló fi ń wo èèyàn. Nígbà tí àǹtí mi Ṣìfáwù mú ọkọ àfẹ́sọ́nà wá, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní GRA, tó wọ kóòtù, tó gbé mọ́tò wá, gbogbo ilé ló ń sáré gbé àga. Ìyá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Kò bi í léèrè iṣẹ́, kò bi í léèrè ilé. Ó ní, "Ìgbà wo lo rí ìyá ẹ gbẹ̀yìn?" Ọkùnrin náà họ orí, ó ní iṣẹ́ ìjọba ni kò jẹ́. Ìyá ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ, ó sì bá tirẹ̀ lọ sóko. Nígbà tí ó máa padà wá, ìyá rẹ̀ ló jókòó níwájú mọ́tò, arúgbó tó wé gèlè funfun. Ọjọ́ yẹn ni Ìyá tó fún un lọ́wọ́ bọ̀. Ó yí sí Àǹtí Ṣìfáwù, ó ní, "Èyí wá dáa. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ewé nìkan ló kó wá."

Èmi gan-an, ẹ̀wà ló fi kọ́ mi. Ó fa igi ẹ̀wà kan tu, ó fi àwọn kókó róbótó-róbótó tó wà lára gbòǹgbò rẹ̀ hàn mí, ó ní ẹyin ilẹ̀ nìyẹn, pé ilẹ̀ tí ẹ̀wà bá ti yé ẹyin báyìí, ilẹ̀ tó sanra ni. Òótọ́ sì ni. Ìmọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n òun náà ló padà ṣi wá lọ́nà. Nígbà tí ó rí i, ní bí ọdún méjì kan ṣáájú wàhálà tí mo fẹ́ sọ, pé gbòǹgbò tòmáàtì òun náà ti ń ní kókó, ayọ̀ ló yọ̀. Ó pè mí wá wò ó. "Àbẹ̀kẹ́, wò ó," ló wí, "tòmáàtì náà ti ń yé ẹyin." Ọdún yẹn, iyẹ̀pẹ̀ tó dì fún àwọn èèyàn pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìjà wàyí, nítorí bí a bá yọ ìjà kúrò nínú ọ̀rọ̀ Ìyá, a ti gé e dín kù. Ẹni kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Òkè-Oyì tí Ìyá kì í fún ní ọmọ tòmáàtì. Ìyá Sàfú ni, opó kan tí wọ́n fẹ́ wá láti apá Ọ̀yọ́, tí oko rẹ̀ wà lókè fàdámà, ní ìkangun. Níbi wòlímọ̀ ọmọ ẹnì kan ni ìjà náà ti ṣẹ̀. Wọ́n ń yin ọbẹ̀, ẹnì kan ní tòmáàtì Ìyá Alálùbáríkà ni wọ́n fi sè é, ni Ìyá Sàfú bá ní, "Tòmáàtì Àṣàkẹ́? Omi ló pọ̀ nínú ẹ̀." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò tíì bí mi nígbà náà, ìtàn ni mo gbọ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kò kí ara wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọlúwàbí kì í wọ ilé láìkí ará ilé, nítorí náà wọ́n wá ọgbọ́n dá sí i. Bí Ìyá Sàfú bá ń kọjá, á ní, "Àsàlámù àlékùn ará ilé yìí," á sì kọjú sí ògiri. Ìyá náà á dá ògiri lóhùn. Mo ní kí ló dé tí wọn kò parí rẹ̀.

"Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìjà la ń jà."

Nígbà tí mo wà ní girama, ní apá ìparí àwọn ọdún 1980 yẹn tí gbogbo nǹkan wọ́n lójú pálí, ni tòmáàtì fàdámà dẹ́nu kọlẹ̀. Kì í ṣe pé omi kò sí. Ilẹ̀ tutù rinrin, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti kan àtàrí, àwọn igi á sorí kodò bí ẹni tó ń gbààwẹ̀. Bí alẹ́ bá lẹ́, wọ́n á tún gbérí. Ewé pọ́n rúsúrúsú. Igi kò ga. Èso tó so kò ju àgbáyun lọ. Oko kan bẹ̀rẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e, títí tó fi kù oko kan ṣoṣo tí ewé rẹ̀ dúdú minimini, tí tòmáàtì rẹ̀ ń pọ́n wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀. Ti Ìyá Sàfú ni.

Ẹ kúkú mọ ohun tí èèyàn máa sọ. Wọ́n ní opó náà ti ri nǹkan mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ó fa ìkórè gbogbo wa sí oko tirẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ti ń wo ilẹ̀ yẹn tipẹ́, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Màgàjí, olórí ilé tó ni fàdámà, Màgàjí sì ní kí gbogbo èèyàn pé sí ìta òun lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé wọ́n máa gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì ní kó padà sí ibi tó ti wá. Sàfú ọmọ rẹ̀ kò ju èmi lọ. Kò ní ibòmíràn tó mọ̀.

Mo rò pé inú Ìyá á dùn. Kò dùn. Àárọ̀ kan ni ó jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìn ilé, tó ń wo tòmáàtì tirẹ̀ tó ń kú, ó sì ṣàdédé ní kí n lọ bá Ìyá Sàfú, kí n tọrọ igi tòmáàtì kan pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ tẹ̀rùtẹ̀rù. Ìyá Sàfú wò mí títí, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó hú igi kan fún mi, èyí tó léso lórí dáadáa. Ó ní, "Sọ fún ẹni tó rán ẹ pé bí wọ́n bá fẹ́ wo oògùn tí mo rì, gbogbo ẹ̀ nìyẹn."

Ìyá ti bu omi sínú bàsíà kí n tó dé. Ó fọ gbòǹgbò ti Ìyá Sàfú, ó fọ ti tirẹ̀, ó tẹ́ méjèèjì sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti Ìyá Sàfú gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun bí òwú. Ti tirẹ̀ wú kókó-kókó bí atalẹ̀, irun gbòǹgbò rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ó fa ẹ̀wà kan tu sí i. Ó fi àtàǹpàkò ti kókó ara ẹ̀wà, ó já bọ́ sínú omi. Ó fi ti kókó ara tòmáàtì. Kò já. Ó tún tì í. Inú ara gbòǹgbò gan-an ló ti wú, bí ìgbà tí oówo bá sọ èèyàn. Ó gbé e sílẹ̀, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹyin kọ́ nìyí," ló wí. "Àrùn ni."

Òun ló ní kí n kó méjèèjì sínú ọ̀rá, kí n gbé wọn lọ bá àwọn àgírìkì, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba, ní GRA, kí n ní ọkọ Àǹtí Ṣìfáwù fi ọ́fíìsì wọn hàn mí. Obìnrin kan ló dá mi lóhùn níbẹ̀, ọmọlúwàbí èèyàn. Ó fi abẹ la kókó kan, ó fi awò kan sí i, ó ní kí n wò ó. Ó ní àrán ni, tó tín-ín-rín débi pé ojú lásán kò lè rí i, inú gbòǹgbò ló ń wọ̀ lọ jẹun, gbòǹgbò á wá wú, kò sì ní lè fa omi mọ́. Ìdí nìyẹn tí igi fi ń rọ lórí ilẹ̀ tútù. Ó ní ilẹ̀ tí wọ́n bá ń gbin tòmáàtì sí lọ́dọọdún láìyí i padà ni ó ti ń pọ̀. Mo sáré padà sí Òkè-Oyì láti wá sọ fún Ìyá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ṣé ó lè rìn fúnra ẹ̀ láti oko kan dé èkejì?"

Mo ní obìnrin náà sọ pé kò lè rìn jìnnà, pé inú iyẹ̀pẹ̀ ló máa ń wà, pé èèyàn ló ń gbé e kiri, pẹ̀lú ọkọ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ọmọ irúgbìn tí wọ́n bá ṣí lọ gbin síbòmíràn. Ìyá yíjú sí ebè abẹ́ máńgòrò, ó ń wò ó. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi ohun tó ń rò: gbogbo ẹni tí oko rẹ̀ kú ló ti gba iyẹ̀pẹ̀ àlùbáríkà. Ẹni kan ṣoṣo tí kò gbà á ni ọ̀tá rẹ̀.

Ó lè dákẹ́. Èyí ni n kì í gbàgbé. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ju èmi àti òun lọ, èmi kò sì lè la ẹnu. Ká ní ó dákẹ́, orúkọ rẹ̀ ò ní bàjẹ́, ẹni tó bú tòmáàtì rẹ̀ níta gbangba á sì kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a dé ìta Màgàjí ní Jímọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ti ń lọ. Bàbá Ṣéhù, tí oko rẹ̀ kú ju ti gbogbo èèyàn lọ, ló wà lórí ìdúró. Ìyá Sàfú jókòó sílẹ̀ lọ́tọ̀, iborùn rẹ̀ bò ó lójú. Ìyá sọ bàsíà tó rù kalẹ̀ láàárín wọn, ó kí Màgàjí, ó sì tọrọ àyè.

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wo nǹkan kan," ló wí. Ó fa igi tòmáàtì tirẹ̀ jáde nínú omi, ó gbé e kọ́. "Ebè mi nìyí. Ẹ wo ìdí ẹ̀. Ẹ wá wo ti obìnrin yìí. Ẹni tí ò bá gbà á gbọ́, kó lọ hú ti oko ẹ̀ wá, ká fi wéra. Àrùn yìí, inú iyẹ̀pẹ̀ ló ń gbé. Iyẹ̀pẹ̀ wo lẹ gbà? Èmi ni mo bù ú. Èmi ni mo ṣe Bìsìmílláì sí i. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e fún yín, ọmọ yín, ìyàwó yín. Mi ò mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni."

Bàbá Ṣéhù ní, "Ìyá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò kì í kí i. Ṣé ẹ fẹ́ fi ara yín gbà á sílẹ̀ ni?"

"Mi ò kì í kí i," ni Ìyá wí. "Mi ò sì ní kí i lónìí. Ìjà wa wà níbi tó wà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo wá sọ."

Àwọn ọkùnrin kan dìde lọ sí fàdámà, wọ́n hú igi wá láti oko wọn, wọ́n ń fọ̀ ọ́ nínú bàsíà náà, omi ibẹ̀ di ẹrọ̀fọ̀. Kókó ni gbogbo rẹ̀. Màgàjí gba ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò tì í bí Ìyá ṣe ní kó tì í. Ó ní kí Ìyá Sàfú máa lọ sílé rẹ̀, pé ẹni tó bá tún fa ọ̀rọ̀ oko náà, iwájú òun ni onítọ̀hún ti máa dáhùn.

N kò ní parọ́ pé gbogbo rẹ̀ dùn lẹ́yìn náà. Àwọn kan ò wá sílé wa mọ́. Orúkọ Alálùbáríkà rọra kú, kò sẹ́ni tó kéde rẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo ṣàkíyèsí pé Ìyá Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Mo mọ̀ pé ó dùn ún, nítorí ó sọ fún mi. Ó ní, "Ó dùn mí o, Àbẹ̀kẹ́." Ó hú gbogbo ebè abẹ́ máńgòrò, ó sun ún, ó sì gbin ẹ̀pà sójú rẹ̀ nítorí obìnrin àgírìkì ní àrán náà kì í fẹ́ràn ẹ̀pà. Nígbà tí ó tún fẹ́ gbin ọmọ tòmáàtì, ó bu iyẹ̀pẹ̀ tuntun, ó dà á sínú agbada tí wọ́n fi ń yan gàárì, ó sì yan án lórí iná títí ó fi ń rú èéfín. Àwọn ọmọ abúlé ń wá wòran. "Ìyá ń yan ilẹ̀," ni wọ́n ń wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rín in lọ́jọ́ yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ìyàwó tuntun ló kọ́kọ́ wá. Kí ó tó dì í fún ẹnikẹ́ni, á hú ọ̀kan, á fọ̀ ọ́, á ní kí ẹni náà wo gbòǹgbò rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Láti ọdún yẹn lọ, bí tòmáàtì bá ti pọ́n, a ó jí bá agbọ̀n kan ní ẹnu ọ̀nà wa. Kò sẹ́ni tó ń sọ ibi tó ti wá. Ìyá á sè é, á jẹ ẹ́ tán, á lá ọwọ́ rẹ̀.

"Omi ló pọ̀ nínú ẹ̀," ni á wí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé ọwọ́ obìnrin yìí ni mo ti gba ọgbọ́n. Mo ní tòmáàtì díẹ̀ lẹ́yìn ilé mi báyìí, bí ọ̀kan bá sì rọ, n kì í wo ewé. Bí èmi àti ọkọ mi bá ní èdèkòyédè, tí mo fẹ́ wá ẹni tí mo máa di ẹ̀bi rù, mo máa ń rántí bàsíà yẹn, mo sì máa ń kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara mi. Kì í rọrùn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó ṣe é, nítorí náà n kò lè sọ pé kò ṣeé ṣe.

Ní ọjọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ ikú Ìyá, lẹ́yìn tí àwọn àáfà ti lọ, Ìyá Sàfú wá. Ó ti di arúgbó, Sàfú ló dì í lọ́wọ́ mú, agbọ̀n tòmáàtì wà lórí Sàfú. A rò pé á kí ògiri bó ṣe máa ń ṣe. Ó kọjá lára gbogbo wa, ó wọ yàrá Ìyá, ó dúró síwájú ẹní rẹ̀ tí a ti ká sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Àsàlámù àlékùn, Àṣàkẹ́," ló wí.

Ó dúró. Kò jókòó, kò wẹ̀yìn, ó ṣáà ń retí ìdáhùn. Mo rí i pé kò ní kúrò níbẹ̀, mo sì bá Ìyá dá a lóhùn pé, "Wàálékùmù sàlámù."

Nígbà náà ló tó tẹ́ ẹní náà fúnra rẹ̀, tó jókòó lé e, tó fi ọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ọmọ lára.

"Tòmáàtì ẹ ò lómi púpọ̀," ló wí. "Mo kàn sọ ọ́ ni."